Kí A Tó Ra Tábúlẹ́ẹ̀tì fún Ọmọ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Àwòrán náà ti mọ́ wa lójú. Gómìnà tàbí kọmíṣánnà kan dúró níwájú ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní ọ̀dà, ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lé ọmọ kékeré kan lọ́wọ́, kámẹ́rà ń kọ yànràn, àwọn tíṣà ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn. Àwa oníwèé ìròyìn la máa ń ya fọ́tò náà, àwa náà la máa ń gbé e sí ojú ìwé àkọ́kọ́, nítorí náà a kò yọ ara wa sílẹ̀ nínú ohun tí a fẹ́ sọ yìí. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni nínú wa padà sí irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì, kí ó béèrè bóyá ọmọ inú fọ́tò yẹn ti lè yọ 17 kúrò nínú 42.

Ìbéèrè yẹn kò ṣeé fojú fò. Àjọ UNICEF ti kéde pé nínú ọmọ 100 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 7 sí 14 ní Nàìjíríà, 75 ni kò lè ka gbólóhùn kékeré tàbí kí wọ́n yanjú ìṣirò tí kò le. Àwọn tí kò rí ilé ìwé lọ wà nínú wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń wọ yúnífọ́ọ̀mù láràárọ̀, tí wọ́n ń jókòó sí kíláàsì, tí wọ́n ń da ohun tó wà lójú pátákó kọ sínú ìwé, tí a sì ń gbé wọn láti kíláàsì kan bọ́ sí èkejì. Ní Gúúsù Ìwọ̀-oòrùn níbí, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ló ti ń gba ẹnu àwọn aláṣẹ bí wọ́n bá fẹ́ dá ìṣòro yìí lóhùn: tábúlẹ́ẹ̀tì, kíláàsì onífídíò, pátákó tó ń lo iná.

Ìgbìmọ̀ olóòtú ìwé ìròyìn yìí kò bá ẹ̀rọ jà. Ohun tí a kọ̀ ni pé kí ó máa ṣáájú. Nínú gbogbo ohun tí ọmọ kíláàsì kejì nílò kí ó tó mọ ìṣirò, ẹ̀rọ ló yẹ ká rà kẹ́yìn. Tí a bá sì fẹ́ rà á, èdè tí ọmọ náà gbọ́ ló yẹ kí ó máa sọ.

A ti dán irú rẹ̀ wò rí nílé. Lọ́dún 2013, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé tábúlẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ jáde. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé gírámà àgbà ni wọ́n ṣe é fún, wọ́n sì fẹ́ pín 150,000 rẹ̀. Ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ló kún inú rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé kò sí ọgbọ́n níbẹ̀ kò ṣòótọ́: ìwé tí òbí kò lè rà tán ló wà nínú ohun kan ṣoṣo tí ọmọ lè gbé dání. Orúkọ rẹ̀ pàápàá dùn létí. Ariwo rẹ̀ kò lọ títí, àmọ́ ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò tíì kúrò nílẹ̀. Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ dípò àpò ìwé, kò dípò tíṣà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ti mọ̀wé kà lè dá jókòó tì í. Ọmọ ọdún méje tí kò tíì lè ka ìbéèrè tó wà lójú ẹ̀rọ náà ńkọ́? Ẹni tó bá gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láìtún un ṣe, àwòrán aláràbarà ló rà fún ọmọ.

Ohun tí orílẹ̀-èdè Peru fojú rí nípa rẹ̀ ju tiwa lọ. Wọ́n pín kọ̀ǹpútà alágbèéká kékeré tó ju 800,000 lọ fún àwọn ọmọ ilé ìwé wọn lábẹ́ ètò One Laptop per Child tí Nicholas Negroponte dá sílẹ̀, ètò kan náà tó gbé kọ̀ǹpútà dé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Galadima, l'Ábújá, ní 2007. Nígbà tó di 2012, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé tí wọ́n bá Inter-American Development Bank ṣiṣẹ́ gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde lẹ́yìn tí wọ́n yẹ ilé ìwé 319 wò ní àwọn abúlé Peru. Àwọn ọmọ tó gba kọ̀ǹpútà kò fi ohunkóhun mọ ìṣirò ju àwọn tí kò gbà á lọ. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí nínú ìwé kíkà. Wọ́n kó ẹ̀rọ dé, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí tíṣà ní láti kọ́ lọ́jọ́ Ajé kò bá ohun tó wà nínú ẹ̀rọ mu, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fún tíṣà fúnra rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, àjọ OECD tó kó àwọn orílẹ̀-èdè olówó jọ sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà nípa ti àwọn: àwọn tó náwó jù lórí kọ̀ǹpútà ilé ìwé kò rí ìtẹ̀síwájú kan gbòógì nínú ìṣirò, ìwé kíkà tàbí sáyẹ́ǹsì.

Bí ìtàn bá parí síbí, à bá ní kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀rọ dànù. Kò parí síbẹ̀. Ní ìlú Delhi, ní Íńdíà, àwọn ọmọ ilé ìwé kan ń lọ sí ibùdó kan lẹ́yìn ìparí ẹ̀kọ́, wọ́n ń lo ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Mindspark. Ohun àkọ́kọ́ tí ètò náà ń ṣe ni pé ó máa ń dán ọmọ wò láti mọ ibi tí òye rẹ̀ dé gan-an. Ọmọ lè wà ní kíláàsì kẹjọ kí ó jẹ́ pé ìṣirò kíláàsì kẹrin ló mọ dé. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ náà ti máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, láìdójú tì í níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Olùrànlọ́wọ́ kan wà nítòsí fún ìwọ̀nba ọmọ tó wà níbẹ̀, èdè Hindi tí wọ́n fi ń kọ́ wọn nílé ìwé ni ẹ̀rọ náà sì ń lò. Láàárín oṣù mẹ́rin ààbọ̀ péré, àwọn tí ìbò mú láti wọlé ti fi ìṣirò gba iwájú àwọn tí ìbò kò mú, ìyàtọ̀ náà sì tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ fi jáde nínú jọ́nà American Economic Review lọ́dún 2019. Nítòsí wa ní Áfíríkà, ìjọba Màláwì ń lo tábúlẹ́ẹ̀tì fún ìkàwé àti ìṣirò ní àwọn kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀. Iná sólà ló ń gbé e, àwọn ọmọ ń lò ó ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́ nínú yàrá kan, ọmọ kọ̀ọ̀kan kò sì gbé e lọ sílé. Èdè Chichewa ló ń bá wọn sọ.

Kí òǹkàwé wo Peru dáadáa, kí ó tún wo Delhi àti Màláwì. Ẹ̀rọ ni gbogbo wọn rà. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọmọ, wọ́n wá ẹ̀rọ tó bá a mu. Àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ, wọ́n wá ń wá ọmọ tí wọn yóò gbé e lé lọ́wọ́.

Ètò EkoEXCEL tí Ìpínlẹ̀ Èkó gbé kalẹ̀ lábẹ́ Gómìnà Babajídé Sanwó-Olú pẹ̀lú iléeṣẹ́ NewGlobe yẹ fún àyẹ̀wò tirẹ̀, nítorí ọwọ́ tíṣà ni wọ́n gbé tábúlẹ́ẹ̀tì sí, gẹ́gẹ́ bí Ìpínlẹ̀ Ẹdó ti ṣe ṣáájú wọn ní 2018 pẹ̀lú EdoBEST. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wà lójú ẹ̀rọ, ọ̀gá ilé ìwé sì lè mọ tíṣà tó dé àti èyí tí kò dé, àti ibi tí ó bá ẹ̀kọ́ dé. Ìyẹn sàn ju pípín ẹ̀rọ fún ọmọ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ní Kenya, ìwádìí tí Michael Kremer, ọ̀kan nínú àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ètò ọrọ̀-ajé ní 2019, kópa nínú rẹ̀ lórí àwọn ilé ìwé Bridge tó bá NewGlobe tan, fi hàn pé àwọn ọmọ ibẹ̀ mọ̀wé ju àwọn ẹgbẹ́ wọn níbòmíràn lọ. A gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti kọ kalẹ̀ máa ń sáré. Ó ní iṣẹ́jú tí ó gbọdọ̀ fi parí. Tí ọmọ méjìdínlógún nínú ọgbọ̀n bá kọsẹ̀ níbi yíyá nínú ìyọkúrò, ṣé tíṣà yóò ní àǹfààní láti pa ẹ̀rọ tì, kí ó kó ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò jáde, kí ó tò ó ní mẹ́wàá-mẹ́wàá sórí tábìlì? Tíṣà tó bá ń bẹ̀rù pé ọ̀gá ń wo iṣẹ́jú òun kò ní dán an wò. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, kò sì sí ẹ̀rọ tó mọ gbogbo rẹ̀.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, a fẹ́ kí òǹkàwé bá wa dé ọjà. Ẹ pe ọmọ tó ń kiri ẹ̀pà ní Ọjà Ọba, n'Íbàdàn, kí ẹ ra ti 150 náírà, kí ẹ fún un ní 500. Kí ẹ tó palẹ̀ ọwọ́ mọ́, ṣéńjì 350 ti wà nínú ọwọ́ yín, ó sì ti ń pe oníbàárà mìíràn. Lọ́jọ́ kejì, ẹ bá ọmọ kan náà nílé ìwé, ẹ kọ 500 − 150 sí ojú pátákó, kí ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì bi í. Yóò máa wo òrùlé. Ìwọ̀nba ọmọ Yorùbá nìkan kọ́ ni èyí ń ṣe. Ní 1985, Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ tó ń tajà ní òpópónà ìlú Recife, ní Brazil. Nídìí ọjà wọn, nínú ìbéèrè 100, wọ́n ń gba 98. Nígbà tí wọ́n gbé irú ìṣirò yẹn kan náà fún wọn bí ilé ìwé ṣe ń gbé e, bí 37 ni wọ́n gbà. Ọmọ kan náà ni, orí kan náà ni, ìṣirò kan náà ni. Ìrísí ìbéèrè ló yí padà; ti ọmọ wa tún fi èdè kún un.

Bí a bá wo bí a ṣe ń ka nǹkan ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà yóò túbọ̀ yé wa. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni 15: ogún tó dín márùn-ún. Mẹ́tàdínlógún ni 17: ogún tó dín mẹ́ta. Àádọ́ta ni 50, ọgọ́ta tó dín mẹ́wàá. Ọgọ́ta fúnra rẹ̀ sì rèé, ogún lọ́nà mẹ́ta ni. Ọmọ tó bá ti lè kà dé ọgọ́rùn-ún lọ́nà yìí ti ń ṣe àròpọ̀, ó ti ń yọ kúrò, ó ti ń sọ di púpọ̀, kí tíṣà tó mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Ẹnu rẹ̀ ti mọ ohun tí ìwé rẹ̀ kò tíì mọ̀. Nígbà tí a bá wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 'fifteen' àti 'seventeen', orúkọ lásán ló ń há sórí, bí ẹni há orúkọ àwọn ará ìlú tí kò dé rí.

Àwọn kan yóò ní ìkà Yorùbá le. Ó le lóòótọ́ bí a bá ti ń gòkè. Kò sí ẹni tí yóò fẹ́ fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ṣe ìsọdipúpọ̀ gígùn lójú pátákó, àwa náà kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣe é. Òótọ́ tún ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó kò lè kà kọjá ẹ̀wá ní Yorùbá mọ́, àwọn òbí wọn ló sì fà á. Ohun tí a ń bèèrè kò ju kí òye iye, láti oókan dé ọgọ́rùn-ún, kọ́kọ́ wọlé láti ẹnu tí ọmọ fi ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹni tó bá rò pé àlá lásán ni a ń lá, kí ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú ilé ìwé St. Stephen's 'A' níbẹ̀, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ tó kù fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì wà lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Wọ́n kọ ìwé, wọ́n wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí kò ní orúkọ, wọ́n dá àwọn tíṣà lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí wọ́n fi àwọn ọmọ náà wé àwọn ẹgbẹ́ wọn tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ló ta wọ́n yọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Kò sí kọ̀ǹpútà kan nínú ọ̀rọ̀ náà.

Nítorí èyí ni a kò fi lè dákẹ́ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Ábújá. Ní oṣù kọkànlá 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi máa kọ́ ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta kò pé rẹ́gí kí Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Alausa, tó kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n padà sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé kò rí ìwé kan gbà lábẹ́ ìlànà náà, wọn kò rí tíṣà kan tí wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́ lórí rẹ̀, kí a tó gbọ́ pé ó ti kùnà. Ìdájọ́ tiwa ni pé ìgbésẹ̀ náà kò dára, pàápàá fún ìṣirò. Èdè ni ìṣirò ọmọ kékeré kọ́kọ́ jẹ́, kí ó tó di àmì. Ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ju bí ó ṣe wà lọ́wọ́ Ábújá lọ. Èkó ní òfin tirẹ̀ láti 2018 tó dáàbò bo èdè Yorùbá. Àwọn gómìnà wa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò nílò ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni kí tíṣà tó lè fi Yorùbá ṣàlàyé ìdá mẹ́rin fún ọmọ.

Helen Verran, ọmọ ilẹ̀ Australia tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1970 wọ inú àwọn ọdún 1980, sọ ìtàn kan nínú ìwé rẹ̀ Science and an African Logic tó jáde ní 2001. Ó lọ wo tíṣà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní bí a ṣe ń wọn gígùn. Àwọn ọmọ fi okùn wọn ara wọn láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n wé okùn náà mọ́ páálí pẹlẹbẹ, wọ́n ka iye ìgbà tó yí, wọ́n fi èyí tó kù kún un, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é yàtọ̀ sí ohun tí Verran ti fi kọ́ tíṣà náà, ó sì kọ́kọ́ bá a lójijì. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, wọ́n sì ń gbádùn rẹ̀. Okùn àti páálí náà, ẹ̀rọ ni. Tíṣà tó ronú kàn án, òun ni a kò rí rà ní ọjà kankan.

Ta ló ni ẹ̀bi? Kò wà lọ́rùn ẹnì kan. Òfin UBEC ti 2004 ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ orílẹ̀-èdè sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀, apá kan nínú rẹ̀ sì wà fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tíṣà. Kí ìpínlẹ̀ tó lè gba owó iṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ gbé iye kan náà sílẹ̀ lápò ara rẹ̀. Lọ́dọọdún ni bílíọ̀nù náírà ń sùn sílẹ̀ nítorí pé àwọn ìpínlẹ̀ kan kò mú tiwọn wá. Àwọn tó sì ń mú un wá fẹ́ràn ohun tí ojú lè rí: ilé, ọ̀dà, ẹ̀rọ. Tíṣà tó ti mọ bí a ṣe ń kọ́ni ní ìdá kò ṣeé gé rìbọ́nì fún. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni náà ní ẹjọ́ tiwọn láti jẹ́, níbi tí ẹni tí yóò lọ kọ́ni ní ìṣirò ti máa ń gba ìwé ẹ̀rí láìfẹ́ràn ìṣirò, tí yóò sì lọ gbin ìbẹ̀rù náà sínú ọgbọ̀n ọmọ.

Àwọn òbí náà ńkọ́? Wọ́n ń pariwo pé JAMB ti di ti kọ̀ǹpútà, pé WAEC náà ń tẹ̀lé e, nítorí náà kí ọmọ bá kọ̀ǹpútà mọ́wọ́ láti kíláàsì kìn-ín-ní. Ìbẹ̀rù náà yé wa. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún yóò kọ́ bí a ṣe ń tẹ máúsì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìdá, ìpín àti ìlọ́po kò ṣeé kọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan, kọ̀ǹpútà tí kò sì bá wọn nínú orí ọmọ kò ní rí nǹkan kan gbé jáde lọ́jọ́ ìdánwò.

Ọgbọ́n fífi tíṣà ṣáájú kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ wa. Ní oṣù keje 1952 ni Stephen Awókọ́yà, mínísítà ẹ̀kọ́ Ìwọ̀-oòrùn, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wá síwájú ilé ìgbìmọ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní 1955. Ọdún méjì ààbọ̀ yẹn, ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ni wọ́n fi ń ṣí, tíṣà ni wọ́n fi ń dá lẹ́kọ̀ọ́, kíláàsì ni wọ́n fi ń kọ́. Ìjọba Awólọ́wọ̀ mọ̀ pé ọmọ yóò dé, pé ó yẹ kí tíṣà ti dúró dè é.

Ohun tí a wá ń bèèrè rèé. Kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó ra ẹ̀rọ kan mọ́, kí àjọ SUBEB tó ń bójú tó ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rán tíṣà lọ jókòó ti ọmọ kọ̀ọ̀kan láti kíláàsì kejì dé ìkẹfà, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè mẹ́wàá ní Yorùbá, lẹ́nu, fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò gba dátà, kò gba iná. Lẹ́yìn náà, wákàtí kan lóòjọ́, kí a pín àwọn ọmọ gẹ́gẹ́ bí òye wọn, láìwo kíláàsì tí wọ́n wà. Àjọ Pratham ní Íńdíà ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì yọrí. Àbọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ sùn sínú fáìlì. Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ilé ìwé níbi tí òbí yóò ti kà á: ọmọ mélòó ló lè yọ kúrò, mélòó ni kò tíì lè yọ kúrò.

Èkejì ni rédíò, a ó sì dúró lé e lórí díẹ̀, nítorí ó yà wá lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rẹ̀ mọ́. Láàárín àwọn ọdún 1970, orílẹ̀-èdè Nicaragua fi rédíò kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò lójoojúmọ́. Ohùn inú rédíò á béèrè, á dákẹ́ díẹ̀, gbogbo kíláàsì á dáhùn pọ̀, ohùn náà á sọ ìdáhùn, tíṣà á sì gbà á níbẹ̀ pẹ̀lú òkúta àti igi kéékèèké. Ìdánwò fi hàn pé àwọn ọmọ náà mọ ìṣirò ju àwọn tí kò ní rédíò lọ. Ta ló tún mọ eré ìpè-àti-ìdáhùn ju Yorùbá lọ? Ọmọ wa tí kò tíì mọ̀wé kà ń gbé orin ìbejì àti eré òṣùpá láìṣì. A ní Amúlùdùn n'Íbàdàn, a ní Òrìṣun n'Ífẹ̀, a ní Bond l'Ékòó, a sì ní rédíò ìpínlẹ̀ ní gbogbo olú-ìlú. Nígbà àrùn Kòrónà ní 2020, àwọn ìjọba wa sáré gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò. Bí àwọn ilé ìwé ṣe ṣí, wọ́n pa á tì. Ogún ìṣẹ́jú láràárọ̀, láti aago mẹ́sàn-án, ní Yorùbá, fún kíláàsì kìn-ín-ní sí ìkẹta, pẹ̀lú ìwé ìtọ́nisọ́nà kékeré fún tíṣà: owó tó lè ṣe èyí fún ìpínlẹ̀ kan kò lè ra tábúlẹ́ẹ̀tì fún ìjọba ìbílẹ̀ kan.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ̀rọ wá dé. Yàrá kan ní ilé ìwé kọ̀ọ̀kan, tábúlẹ́ẹ̀tì ogún, sólà lórí òrùlé, ilẹ̀kùn tó ní kọ́kọ́rọ́, kí àwọn ọmọ máa wọlé ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́. Kí ètò inú rẹ̀ máa sọ Yorùbá tó mọ́gaara, kí ó sì dán ọmọ wò kí ó tó kọ́ ọ. A ní àwọn ọ̀dọ́ tó lè ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ ní Yábàá, a ní àwọn onímọ̀ èdè ní yunifásítì, ohun tí wọn kò ní ni ẹni tó máa san owó iṣẹ́ fún wọn. Kí ìwé àdéhùn agbaṣẹ́ṣe ní àtúnṣe ọdún mẹ́ta nínú, kí apá kan owó rẹ̀ dúró dìgbà tí ìdánwò bá fi hàn pé ìṣirò àwọn ọmọ ti gòkè. Kí iye tí wọ́n ra ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn sí gbogbo aráàlú. Kí tíṣà kọ̀ọ̀kan sì ní ẹni kan ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ tó mọ ìṣirò kíkọ́, tí yóò máa wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì rẹ̀ lóṣooṣù bí àgbà tó wá ràn án lọ́wọ́, láìmú ìwé ìbáwí dání.

Kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ tí ìwé àdéhùn tábúlẹ́ẹ̀tì wà lórí tábìlì rẹ̀ báyìí, a bẹ̀ ẹ́ kí ó fi bírò sílẹ̀ fún ọjọ́ kan péré. Kí ó sọ fún agbaṣẹ́ṣe náà pé kí ó tan ẹ̀rọ níwájú òun, kí ó fi ẹ̀kọ́ kíláàsì kejì hàn òun, kí ẹ̀rọ náà ṣàlàyé fún òun ní Yorùbá ìdí tí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fi dín márùn-ún sí ogún. Tí kò bá lè ṣe é, kí ó kó o padà.